Láti Orí Ọkọ́ dé Orí Oògùn Apakoríko: Ìtàn Ìgbógunti Èpò Nínú Oko ní Ọ̀tà àti Agbègbè Ṣàngó-Ọ̀tà

Àṣamọ̀

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Ọ̀tà, ìtẹ̀dó àwọn Àwórì, oyè Ọlọ́tà, ogun, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó dé, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ṣe ń gbógun ti èpò láti ayé ọkọ́ àti àdá títí di ayé oògùn apakoríko. Ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe agbára èpò nìkan ni ó sọ oògùn di ohun tí àgbẹ̀ gbára lé. Àìrí ọwọ́ tí yóò roko àti àìrí ilẹ̀ tí yóò sinmi wà lára ohun tí ó fà á. Iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí ó hàn pé oògùn ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ kí ìmọ̀ nípa rẹ̀ tó dé etí rẹ̀, àti pé ojúṣe olùkọ́ wà nínú dídí àlàfo náà.

Ìfáárà

Èpò ni ewéko tí ó hù níbi tí a kò ti fẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ yìí fi hàn pé ènìyàn ni ó ń sọ ewéko di èpò. Gbúre tí a ń já sínú ọbẹ̀ nílé ni àgbẹ̀ ń tu dànù láàárín ẹ̀gẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, ìtàn èpò kò lè ṣàì jẹ́ ìtàn ènìyàn pẹ̀lú: ìtàn ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ń roko, ẹni tí ó kúrò lóko, àti ohun tí ó rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú Àwórì. Ó bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, ó sì di olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí a dá sílẹ̀ ní 1989. Èkó ni ó múlé tì í. Òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: òjò àkọ́rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù keje, àti òjò àrọ̀kúrò láti oṣù kẹsàn-án. Òjò méjèèjì ni ó jẹ́ kí àgbẹ̀ lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Òun náà ni kì í jẹ́ kí èpò sinmi. Ilẹ̀ tí a ro lónìí, bí òjò bá rọ̀ sí i, kì í pẹ́ tí yóò fi tún di ewé.

Ìgbógunti Èpò Kí Oògùn Tó Dé

Ohun ìjà mẹ́rin ni àgbẹ̀ ayé àtijọ́ fi ń bá èpò jà: iná, ọkọ́, òjìji àti àkókò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò ṣán igbó, tí yóò jẹ́ kí ó gbẹ, tí yóò sì ti iná bọ̀ ọ́. Iná náà ń jó púpọ̀ nínú irúgbìn èpò tí ó wà lójú ilẹ̀, eérú rẹ̀ sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Ní ọdún àkọ́kọ́, èpò kì í pọ̀ lóko bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di ọdún kejì tàbí ìkẹta, èpò á bẹ̀rẹ̀ sí í borí, àgbẹ̀ á sì ṣí lọ sórí ilẹ̀ mìíràn kí ilẹ̀ àkọ́kọ́ lè sinmi. Kì í ṣe nítorí kí ilẹ̀ lè tún lọ́ràá nìkan ni a ṣe ń fi í sílẹ̀. Bí igbó ṣe ń dàgbà ni òjìji rẹ̀ ń pa koríko tí kò lè ṣe aláìrí oòrùn. Ìsinmi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni oògùn apakoríko tí àwọn baba ńlá mọ̀.

Òjìji tún wà nínú bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan. Ẹ̀gúsí tí a bá gbìn sáàárín ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo á tàkùn bo ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì ní jẹ́ kí èpò rí oòrùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá dán èyí wò ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé òótọ́ ni ẹ̀gúsí ń dín èpò kù.

Níti ọkọ́, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń fẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nítorí náà ni àáró àti ọ̀wẹ̀ ṣe fìdí múlẹ̀. Nínú àáró, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á máa ro oko ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn á bẹ ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́, á sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ó di ọkọ́ mú ni ó fi ìfẹ́ dì í mú. Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà, níbi tí ẹni tí ó jẹ gbèsè, tàbí ọmọ rẹ̀, yóò ti máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí a ó fi san owó náà. Ọmọdé wà nínú àwọn tí a ń fi ṣe ìwọ̀fà. Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn oko ríro láyé àtijọ́ kò gbọdọ̀ yọ èyí sílẹ̀ kí ó wá ṣe é bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ àjọṣe aládùn.

Èkan àti Àwọn Èpò Àjèjì

Kì í ṣe gbogbo èpò tí ó ń yọ àgbẹ̀ Ọ̀tà lẹ́nu ni ó ti òkèèrè wá. Èkan ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó mú kí èkan le ni pé inú ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Àwọn ìtàkùn rẹ̀ tí ó mú ṣóńṣó lẹ́nu ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì lè gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní àgúnyọ. Bí iná bá jó o, ewé rẹ̀ nìkan ló jó. Bí ọkọ́ bá gé e, gbogbo ègé tí ó kù sínú ilẹ̀ ni ó lè tún hù. Igbó tí ó dàgbà dáadáa ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ibi tí a bá ti ń dáko lemọ́lemọ́ láìfún ilẹ̀ nísinmi ni èkan ti ń jọba.

Nínú àwọn èpò àjèjì, èyí tí ìtàn rẹ̀ kún jù ni Chromolaena odorata, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru jẹ́ orírun rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko gbà ni pé inú irúgbìn igi Gmelina, tí a kó wọ Nàìjíríà láti Ceylon (tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí) ní nǹkan bí 1937, ni ó bá wọlé láìròtẹ́lẹ̀, àti pé agbègbè Enugu ni a ti kọ́kọ́ kófìrí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó ní irun, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti ọkọ̀. Ojú ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là àti igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni ó ń gbà wọ ìlú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbẹ, á sì gba iná kíákíá. Bí òjò bá dé, kùkùté rẹ̀ á tún rú.

Orúkọ tí Yorùbá fún un jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní Akíntọ́lá-takú. Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, Akíntọ́lá sì gba ipò náà ní ìparí 1959. Ní 1962, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a ní kí Akíntọ́lá kúrò lórí àga tí ó sì kọ̀. Orúkọ méjèèjì jẹ́ kí a mọ àkókò tí èpò náà gbilẹ̀ débi pé gbogbo ènìyàn nílò orúkọ fún un. Ó sì bá ìwà èpò náà mu: ó dé orí ilẹ̀, ó takú, kò lọ. Irú àṣà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ghana, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣe ìjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978. Ní Cameroon, Bokassa ni. Níbi tí kò sí ìwé àkọsílẹ̀ nípa ọjọ́ tí ewéko kan dé, orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ ìwé.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a ka gbogbo ẹ̀bi sí èpò yìí lọ́rùn. Òjìji rẹ̀ máa ń borí èkan, ewé rẹ̀ tí ó ń bọ́ ń ṣe ilẹ̀ lóore, a sì máa ń fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ lè fi í sílẹ̀ kí ó tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Àgbẹ̀ tí kò ní ju ilẹ̀ kékeré lọ, tí ó sì gbọ́dọ̀ dáko lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀tá ni ó kà á sí. Àwọn èpò àjèjì mìíràn, bí i patánmọ́ ẹlẹ́gùn-ún àti òdòdó oòrùn Mẹ́síkò tí àwọn kan ń pè ní jogbo nítorí kíkorò rẹ̀, tún dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àti lóko.

Bí Oògùn Apakoríko Ṣe Dé

Oògùn apakoríko ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2,4-D, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Bírítéènì àti Amẹ́ríkà ṣàwárí lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà lẹ́yìn ogun náà. Ó ń pa èpò elewé gbòòrò, ó sì ń dá àgbàdo àti ìrẹsì sí. Atrazine tẹ̀lé e ní òpin àwọn ọdún 1950. Kí èpò tó hù ni a ń fọ́n ọn sóko àgbàdo. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ ICI ti Bírítéènì gbé paraquat jáde lábẹ́ orúkọ Gramoxone. Èyí ń jó ewé tí ó bá bà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dé gbòǹgbò, nítorí náà èkan tí ó bá jó máa ń tún hù. Ní 1974 ni ilé-iṣẹ́ Monsanto ti Amẹ́ríkà gbé glyphosate jáde lábẹ́ orúkọ Roundup. Ewé ni ó ń gbà wọlé, ó sì ń rìn lọ sí gbòǹgbò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ rí ohun tí ó lè bá èkan nínú ilẹ̀ níbi tí ọkọ́ kò dé.

Ìbàdàn ni ilé ìwádìí pàtàkì kan wà. A dá IITA sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Rattan Lal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dán ọ̀nà ìdáko láìtú ilẹ̀ wò níbẹ̀, kí ọ̀gbàrá má baà gbá ilẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá tú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò pa èpò, oògùn sì ni ohun náà. I. Okezie Akobundu, ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣiṣẹ́ ní IITA, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ èpò nílẹ̀ olóoru jáde ní 1987. Lọ́dún kan náà ni òun àti C. W. Agyakwa gbé ìwé atọ́nà lórí àwọn èpò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde.

Ìjọba pẹ̀lú kó ipa tirẹ̀. Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, ó sì rọ gbogbo ará ìlú láti dáko. Nígbà tí Ọbásanjọ́ kúrò lórí àlééfà ní 1979, Ọ̀tà ni ó wá dá oko ńlá sí, orúkọ ìlú náà sì di mímọ̀ káàkiri àgbáyé nítorí oko náà. Ní 1986, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a mọ̀ sí OGADEP, bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá àgbẹ̀ lóko. Ní Abẹ́òkúta, a dá Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1988.

Ìmọ̀ àti oògùn ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 2000 ni àkókò tí Monsanto nìkan fi ní àṣẹ lórí glyphosate ní Amẹ́ríkà parí. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀, pàápàá ní Ṣáínà, ń ṣe oògùn náà, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Oògùn tí ó jẹ́ ti oko ńláńlá tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a ń tà ní ṣágo àti ìgò lọ́jà fún ẹni tí oko rẹ̀ kò ju hẹ́kítà kan lọ.

Ilé-Ẹ̀kọ́, Ilé-Iṣẹ́ àti Ilẹ̀ Tí Ó Ń Dínkù

Bí owó oògùn bá já wálẹ̀ tán, ìbéèrè kan ṣì kù: kí ló dé tí àgbẹ̀ fi nílò rẹ̀, nígbà tí baba rẹ̀ fi ọkọ́ ro oko tirẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ohun mẹ́ta.

Èkíní ni ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti 1979, ìjọba Bísí Ọnàbánjọ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ tí ì bá máa tu èpò lóko wá ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì. Ohun rere ni èyí, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ó yí padà. Ṣùgbọ́n ètò náà kò sọ ẹni tí yóò wá máa ro oko.

Èkejì ni Èkó àti ilé-iṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní Ṣàngó-Ọ̀tà àti Àgbárá, nítorí pé ilẹ̀ Èkó ti fún, tí ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti ti Ìdí-Ìrókò sì kọjá níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó lè rí owó oṣù nínú ilé-iṣẹ́ kò ní dúró de owó ẹ̀gẹ́ tí yóò gbó lẹ́yìn ọdún kan. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń lọ ni àáró àti ọ̀wẹ̀ ń kú, nítorí pé ẹgbẹ́ ni a fi ń ṣe àáró. Àgbàṣe ni ó rọ́pò rẹ̀, àwọn alágbàṣe náà, tí Ègùn àti àwọn ará Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́, ilé gbígbé, ilé ìjọsìn àti yunifásítì ṣe ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ tí ó kù fún oko ń dínkù, àgbẹ̀ sì ń sún lọ sí ọ̀nà Àtàn, Ìgbẹsà àti Adó-Odò. Ẹni tí ó yá ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì kò lè fún un ní ìsinmi ọdún mẹ́wàá. Ibi tí ìsinmi ilẹ̀ ti kúrò ni èkan ti wọlé.

Àwọn olùwádìí ẹ̀gẹ́ ní IITA ti kọ ọ́ pé èpò ríro lè gba ìdajì òpò tí ó wà lóko ẹ̀gẹ́ títí dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bá kọjá láìro ẹ̀gẹ́, ìpalára tí èpò ṣe kò ṣeé tún ṣe mọ́. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó ti dàgbà, tí ọmọ rẹ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́ tàbí nílé-iṣẹ́, tí owó alágbàṣe sì ju agbára rẹ̀ lọ, kò ya ọ̀lẹ bí ó bá ra oògùn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí kò mọ sí Ọ̀tà. Ó wà jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀tà kàn jẹ́ ibi tí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ní gbangba ni.

Èrè àti Ewu

Èrè oògùn apakoríko hàn kedere. Ó ń dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, ó ń gba ẹ̀yìn àwọn obìnrin àti àgbàlagbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbà, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ lè dúró ní kíláàsì nígbà òjò. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu oògùn láìka èyí sí kò tíì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tán.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbé díẹ̀ mì, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò bà jẹ́, ikú ni ó sì sábà máa ń já sí. Àjọ NAFDAC, tí òfin 1993 gbé kalẹ̀, fòfin de paraquat ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine láti ọjọ́ kan náà ní 2025. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí glyphosate. Ní 2015, àjọ IARC, tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún kan náà, àjọ tí ó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kò dà bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀, Yúróòpù sì tún fún un láṣẹ ọdún mẹ́wàá ní 2023. Èpò pàápàá ń kọ́gbọ́n: ní Ọsirélíà, ní 1996, a ròyìn koríko tí glyphosate kò rí pa mọ́.

Òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ìbẹ̀rù má baà rọ́pò ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú lójijì ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko, ìròyìn náà sì tàn kálẹ̀. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò, methanol inú ògógóró ni ó pa wọ́n. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi ohun méjì hàn: pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ nínú ara wọn pé oògùn yìí lè pani, àti pé ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ní 2014, IITA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí èpò inú ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Bill & Melinda Gates Foundation. Alfred Dixon ni ó darí rẹ̀. Yunifásítì Abẹ́òkúta wà lára àwọn alábàáṣiṣẹ́, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára ibi tí a ti ṣe é. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe oògùn nìkan. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n tò, tí ó fi mọ́ yíyan ilẹ̀, títún ilẹ̀ ṣe, irú ẹ̀gẹ́ tí a gbìn àti àlàfo tí a fi sí àárín wọn. Níbi tí a ti tẹ̀lé gbogbo rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ju tọ́ọ̀nù 20 lọ lórí hẹ́kítà kan, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Nàìjíríà kì í tó 10. Ẹ̀gẹ́ tí ó tètè pẹ̀ka ń fi òjìji pa èpò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gúsí àtijọ́ ṣe ń ṣe.

Ní gúúsù Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìdí-Ìrókò, àwọn àgbẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní òpin àwọn ọdún 1980, ní agbègbè Mono, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin Mucuna, ẹ̀wà alákùn tí ó bá wèrèpè tan ṣùgbọ́n tí kì í yúnni lára, láti fi bo èkan mọ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gba ilẹ̀ fún sáà kan láìfún àgbẹ̀ ní oúnjẹ, ẹni tí ó yá ilẹ̀ kò sì lè fara dà á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí àgbẹ̀ ṣe di ilẹ̀ mú ni ó ń pinnu irú ọ̀nà tí ó lè gbà.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Lára ìgò oògùn ni a ti kọ bí a ó ṣe lò ó: ìwọ̀n oògùn sí omi, irúgbìn tí kò gbọdọ̀ bà, aṣọ tí a gbọdọ̀ wọ̀, iye ọjọ́ tí a gbọdọ̀ fi jìnnà sí oko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ní lẹ́tà wẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lè kà á. Ọmọ tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń kà á fún wọn, bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ọmọ tí ẹ̀kọ́ mú kúrò lóko ní 1955 ṣe padà sóko: kì í ṣe pẹ̀lú ọkọ́ mọ́, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Bí ògbufọ̀ náà bá ṣi ìwọ̀n kà, àṣìṣe rẹ̀ lè ba oko jẹ́, ó sì lè ba ara jẹ́.

Nínú iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, a fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, kí ó sì yé e. Ẹ̀rí náà wúlò níhìn-ín. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá tàbí ní iṣẹ́ àgbẹ̀ lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ohun tí ó wà lára ìgò sí Yorùbá tí ó já geere, kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín oògùn tí a ń fọ́n kí èpò tó hù àti èyí tí a ń fọ́n lẹ́yìn tí ó hù, láàárín èyí tí ó ń dá irúgbìn sí àti èyí tí kì í dá ohunkóhun sí. Wọ́n lè kọ́ pé a kì í fọ́n oògùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, pé omi ẹlẹ́rẹ̀ ń ba agbára glyphosate jẹ́, pé ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti bàtà òjò kì í ṣe àṣehàn, àti pé ike oògùn kò gbọdọ̀ di ike epo tàbí omi mímu, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Wọ́n tún lè gba orúkọ èpò sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, nítorí pé ìtàn wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn, gẹ́gẹ́ bí Akíntọ́lá-takú ti fi hàn.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti tọpa ìgbógunti èpò ní Ọ̀tà láti ayé iná, ọkọ́ àti ìsinmi ilẹ̀ títí di ayé oògùn apakoríko. Ó ti fi hàn pé èkan ti wà tipẹ́, pé àwọn èpò àjèjì wá fi kún un ní sẹ́ńtúrì ogún, ṣùgbọ́n pé kíkúrò àwọn ọ̀dọ́ lóko àti dídínkù ilẹ̀ ni ó sọ oògùn di kòṣeémánìí. Òfin lè gba paraquat àti atrazine kúrò lórí àtẹ. Kò lè dá àáró padà, kò sì lè dá ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti gbà padà. Oògùn mìíràn yóò máa rọ́pò èyí tí a fòfin dè, pẹ̀lú ìgò mìíràn àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn lára rẹ̀. Títí tí àgbẹ̀ yóò fi lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè rẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò ṣì máa kà á fún un, olùkọ́ ọmọ náà ni yóò sì pinnu bóyá ó kà á ré.